Ẹ Bi Wá: Ayẹyẹ Márùn-ún Nínú Ọdún Kan Ní Ilé Àgùdà

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti ilé àwọn Àgùdà tán: ilé tí ọmọ pọ̀ sí, tí ìrìbọmi, Kòmúníọ̀n, Kọnfamáṣọ̀n àti ìgbéyàwó sì fẹ́ já lu ara wọn ní 2027. A ti pa àwọn tó jọra pọ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ọmọ méje la jẹ́ nílé wa. Ní 2027, àbúrò wa obìnrin fẹ́ ṣègbéyàwó. Ẹ̀gbọ́n wa lóyún ìbejì, oṣù Kẹrin ni wọ́n dá fún un, tí Ọlọ́run bá fẹ́. Ọmọ tèmi máa gba Kòmúníọ̀n Àkọ́kọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní kíláàsì Kọnfamáṣọ̀n, àwọn òbí wa á sì pé àádọ́ta ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra. Àwọn ará wa tó wà lókè òkun ní ká fi ìgbéyàwó sí Ajé Àjíǹde kí wọ́n lè ráyè wálé. Báwo la ṣe máa tò ó? — Ọmọ Ilé, Abẹ́òkúta

Ẹ kú ìmúra o. Ẹ má tíì san owó gbọ̀ngán fún ẹnikẹ́ni. Kàlẹ́ńdà Ìjọ ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ́ sílẹ̀, kí ẹ wá ya èyí tí ẹlòmíràn máa dá ọjọ́ rẹ̀ fún yín sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ẹ̀yin fúnra yín lè dá.

Ọjọ́ Kọnfamáṣọ̀n kò sí lọ́wọ́ yín. Bíṣọ́ọ̀bù ló ni ín, páríìṣì dé páríìṣì ló sì ń lọ. Ọjọ́ tó bá yà sọ́dọ̀ yín ni ọmọ máa gbà á. Kòmúníọ̀n Àkọ́kọ́ náà, páríìṣì ló ń dá a. Ọ̀pọ̀ wọn ń fi í sí Àjọ̀dún Ara àti Ẹ̀jẹ̀ Kristi, tó bọ́ sí Àìkú 30 oṣù Karùn-ún ní 2027. Ẹ lọ béèrè ọjọ́ méjèèjì yìí lọ́wọ́ katikísì (olùkọ́ ẹ̀sìn ní páríìṣì), kí ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ìyókù.

Ó wá ku ìgbéyàwó. Ọjọ́rú Eléérú, tí Lẹ́ńtì (ààwẹ̀ ogójì ọjọ́) ń bẹ̀rẹ̀, jẹ́ 10 oṣù Kejì, Àjíǹde jẹ́ 28 oṣù Kẹta. Òfin Ìjọ kò ní kí ènìyàn má ṣègbéyàwó nínú Lẹ́ńtì, àfi Ọjọ́ Ẹtì Rere àti Àbámẹ́ta Mímọ́, àmọ́ kò sí òdòdó lórí pẹpẹ lásìkò náà, ọ̀pọ̀ Fádà sì máa ní kí ẹ dúró ni. Ajé Àjíǹde tí àwọn ará òkè òkun ń wò ní ìṣòro tirẹ̀. Láti Àìkú Àjíǹde títí dé Àìkú tó tẹ̀ lé e, ojú Àjíǹde fúnra rẹ̀ ni Ìjọ fi ń wo ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n lè so tọkọtaya pọ̀ lọ́jọ́ náà, kí wọ́n sì súre fún wọn, ṣùgbọ́n Mísà Àjíǹde àti ẹ̀kọ́ kíkà ti ọjọ́ náà ni wọ́n máa lò. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń di ariwo nìyẹn: ẹbí ti tẹ ìwé ètò ọgọ́rùn-ún mẹ́ta, ẹ̀kọ́ kíkà tí ìyàwó yàn ló wà nínú ẹ̀, Fádà wá ń ka nǹkan mìíràn. Àbámẹ́ta 10 oṣù Kẹrin ni Àbámẹ́ta àkọ́kọ́ tí ọ̀nà là pátápátá. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ó fi jìnnà sí Àjíǹde, ẹni tó ń bọ̀ láti òkè òkun lè sún tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ síwájú díẹ̀.

Tí ẹ̀gbọ́n bá sọ kalẹ̀ láyọ̀ lóṣù Kẹrin, ẹ fi ìrìbọmi ìbejì àti ìdúpẹ́ àádọ́ta ọdún sí Mísà kan ṣoṣo, bóyá Àìkú 6 oṣù Kẹfà. Lẹ́yìn ìwàásù ni ìrìbọmi, kí Fádà sì súre fún bàbá àti ìyá nínú Mísà náà. Ìdí tí a fi so méjèèjì pọ̀ ni pé Òfin Ìjọ ní kí òbí mú ọmọ wá fún ìrìbọmi láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí wọ́n bí i. Bí ẹ bá ní kí ìbejì dúró de Kérésìmesì nítorí pátí, ẹ ti dá wọn dúró jù.

Kaduna ni wọ́n ti ṣèrìbọmi fún mi ní 1996. Kádì mi ti sọnù, fọ́tòkọ́pì nìkan ló wà lọ́wọ́ mi. Fádà tó fẹ́ so wá pọ̀ ní Ìbàdàn ní òun kò gbà á. Kí ni mo ṣe? — Ìyàwó Ọ̀la, Ìbàdàn

Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Kádì kọ́ ni ẹ̀rí, ìwé àkọsílẹ̀ ńlá tó wà ní ọ́fíìsì ìjọ ni. Ìlà ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú ìwé náà ní àyè kan létí, èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ lófo lọ́jọ́ ìrìbọmi. Ibẹ̀ ni wọ́n ń padà wá kọ ọ́ sí pé lọ́jọ́ báyìí ó gba Kọnfamáṣọ̀n, lọ́jọ́ báyìí ó fẹ́ lágbájá, tàbí ó di Fádà. Fọ́tòkọ́pì 1996 kò lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láti 1996 títí di òní. Ohun tí Fádà ń wá ni ẹ̀dà tuntun, tí kò tíì ju oṣù mẹ́fà lọ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, kó lè fojú ara rẹ̀ rí i pé àyè ìgbéyàwó létí orúkọ yín ṣì ṣófo.

Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ páríìṣì tí ẹ wà báyìí, tó ní òǹtẹ̀. Ẹ kọ orúkọ yín bó ṣe rí lọ́jọ́ náà sínú ẹ̀, kì í ṣe bí ẹ ṣe ń kọ ọ́ báyìí. Tí wọ́n bá pè yín ní «Philomena Abọ́sẹ̀dé» nígbà náà, tó sì jẹ́ «Bọ́sẹ̀» ni káàdì NIN ń pè yín, akọ̀wé Kaduna kò ní rí yín. Ẹ fi orúkọ bàbá àti ìyá kún un, ti òbí ìsàmì, àti ọjọ́ tàbí oṣù tó bá ṣeé rántí. Ẹ fi ẹ̀dà fọ́tòkọ́pì yẹn há a, nítorí nọ́mbà tó wà lórí rẹ̀ máa jẹ́ kí wọ́n tètè rí ojú ìwé náà. Ẹ bẹ ẹnì kan níbẹ̀ kó gbé e lọ fúnra rẹ̀; lẹ́tà tí kò ní ẹsẹ̀ kì í tètè dé.

Tí ìwé bá ti jóná tàbí tí ikán ti jẹ ẹ́, ẹlẹ́rìí kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeé gbà, bíi ìyá ìsàmì yín, lè jẹ́rìí níwájú Fádà. Ìyẹn tó, tí kò bá sí ẹni tí ó máa pa lára.

Ẹ béèrè ohun kan sí i: ṣé wọ́n ti kọ Kọnfamáṣọ̀n yín sínú ìwé Kaduna? Páríìṣì tí ẹ ti gbà á ló yẹ kó ránṣẹ́ síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n sì ń gbàgbé.

Ta ló lè ṣe òbí ìsàmì? Àbúrò ọkọ mi jẹ́ Áńgílíkà, ọ̀rẹ́ ọkọ mi sì jẹ́ Mùsùlùmí, àwọn méjèèjì ló sì ń bínú. Ìyá mi náà fẹ́ ṣe é. Ṣé dandan sì ni orúkọ ẹni mímọ́? — Ìyá Ìbejì

Ìyá yín lè ṣe é, tayọ̀tayọ̀. Bàbá àti ìyá tó bí ọmọ nìkan ni òfin yọ kúrò nínú ẹbí. Ẹni tó máa ṣe é ní láti jẹ́ Àgùdà tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tó ti gba Kòmúníọ̀n àti Kọnfamáṣọ̀n, tí ìgbé ayé rẹ̀ sì bá ohun tó fẹ́ ṣonígbọ̀wọ́ fún mu. Ẹnì kan tó. Bó bá jẹ́ méjì, kí ó jẹ́ ọkùnrin kan, obìnrin kan. Kò sí àyè fún mẹ́fà, ohun yòówù tí wọ́n ì báà kọ sínú ìwé ìpè. Táyé àti Kẹ́hìndé lè ní tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Àbúrò ọkọ yín, nígbà tó ti ṣèrìbọmi ní Áńgílíkà, lè dúró gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òbí ìsàmì tó jẹ́ Àgùdà. Ọ̀rẹ́ tó jẹ́ Mùsùlùmí kò lè wọ inú ìwé náà. Ẹ jẹ́ kó gbé ọmọ wọ gbọ̀ngán, kó sì jẹ́ alága ìkómọ. Inú rẹ̀ á rọ̀.

Orúkọ ẹni mímọ́ kì í ṣe dandan. Ohun tí òfin kọ̀ ni orúkọ tó lòdì sí ẹ̀mí ìgbàgbọ́. Táyélolú tó, Ọláolúwa tó.

Ọ̀rọ̀ aṣọ nìyí: ẹ rán èyí tó ṣeé ṣí láyà, nítorí àyà ni òróró àkọ́kọ́ ń lọ. Lẹ́yìn omi, àtàrí ni òróró mímọ́ kejì ń lọ, nítorí náà ẹ má ṣe so fìlà olókùn tàbí rìbọ́ńnù tó le mọ́ orí ọmọ.

Wọ́n ní nọ́ọ̀sì kan ṣèrìbọmi fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nínú yàrá àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé. Ṣé ó dúró? Ṣé ká tún un ṣe? — Bàbá Ọmọ, Òṣogbo

Ó dúró, ẹ má sì tún un ṣe. Bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, ẹnikẹ́ni ló lè ṣe é, nọ́ọ̀sì tó jẹ́ Mùsùlùmí pàápàá, bí ohun tí Ìjọ ń ṣe bá ti jẹ́ èrò ọkàn rẹ̀. Omi lásán ni, omi ẹ̀rọ tàbí ti inú ike. Kó ṣàn lórí ọmọ. Kí ìka tó tutù máa kan orí kò tó. Bó ti ń dà á ni ó máa sọ pé: «Mo rì ọ́ bọmi ní orúkọ Baba, àti ti Ọmọ, àti ti Ẹ̀mí Mímọ́.» Ẹnu tó ń sọ ọ́ àti ọwọ́ tó ń da omi gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹnì kan náà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìṣe: ìyá àgbà ń da omi, bàbá ń gbàdúrà.

Ẹ lọ bá nọ́ọ̀sì náà báyìí, nígbà tí kò tíì gbàgbé, kó kọ ohun tó ṣe, ohun tó sọ àti ọjọ́ náà. Ẹ gbé e fún Fádà kó wọ inú ìwé. Bí ọmọ bá ti le, ẹ mú un wá sí ìjọ fún ìyókù: òróró mímọ́, aṣọ funfun, àbẹ́là. Omi nìkan ni wọn kò ní tún dà.

Ọmọ mi ti pé ọdún mẹ́jọ. Katikísì ní kò yege ìdánwò Kòmúníọ̀n, a sì ti rán aṣọ. Ẹ̀rù tún ń bà mí torí ọmọ kan dákú lọ́dún tó kọjá, ooru mú un. — Ìyá Kékeré, Oǹdó

Ẹ gbàgbé aṣọ ná. Ohun tí òfin ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ ni pé kó mọ Ara Kristi yàtọ̀ sí oúnjẹ lásán níwọ̀n bí òye rẹ̀ ti mọ, kó sì ti jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ bẹ Fádà kó bi í ní ìbéèrè lẹ́nu, lédè Yorùbá. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń kùnà nítorí pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi há ìdáhùn sórí. Bí kò bá sì mọ̀ ọ́n lóòótọ́, kó dúró. Ìjákulẹ̀ oṣù díẹ̀ kò pa ọmọ lára.

Ní ti dídákú, ebi ló sábà ń fà á, ooru kan ń bá a kún un ni. Àwọn ìyá wa ṣì ń lo òfin àtijọ́ pé kí ọmọ má jẹ nǹkan kan láti òru. Ní 1957 ni wọ́n ti sọ òfin yẹn di wákàtí mẹ́ta, ní 1964 ó di wákàtí kan. Ìgbà tí ọmọ máa gba Olúwa ni wọ́n sì ń kà á sí, kì í ṣe ìgbà tí Mísà bẹ̀rẹ̀. Bí Mísà bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá, tó sì jẹ́ pé ó di aago mọ́kànlá ààbọ̀ kí ó tó kàn án, ẹ̀kọ àti àkàrà aago mẹ́jọ kò rú òfin kankan. Omi àti oògùn kò ba ààwẹ̀ jẹ́ rárá. Ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde (sickle cell) gbọ́dọ̀ mu omi rẹ̀ dáadáa.

Ẹ fún un ní hóńsì (búrẹ́dì pẹlẹbẹ ti Kòmúníọ̀n) tí wọn kò tíì yà sí mímọ́ kó fi kọ́ ọ, katikísì ní in. Nígbà tí ẹnu bá gbẹ, ó máa ń lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu, ọmọ á wá ti ìka bọ ẹnu láti yọ ọ́. Ẹ kọ́ ọ pé kó fi ahọ́n rọra tì í, kó sì dúró, yóò rọ̀ fúnra rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ ni ó fi máa gbà á, kí ó bọ́ ìbọ̀wọ́.

Ẹ ní kí télọ̀ fi ínṣì méjì pamọ́ sí etí aṣọ, torí ọmọ ń ga. Kí àbẹ́là wà nínú ife, kí nẹ́ẹ̀tì tó wà lórí wà lẹ́yìn, ẹ fi píìnì mú un. Nẹ́ẹ̀tì máa ń gbiná kíá.

Mùsùlùmí ni ọkọ tí ọmọ mi fẹ́ fẹ́, ilé ire ni wọ́n. Ìyá ọkọ ní kí wọ́n so yìgì ní Ẹtì, kí a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Àbámẹ́ta. — Ìyá Ìyàwó, Ìjẹ̀bú

Ìdána ní Ẹtì dára, ti ìbílẹ̀ ni. Yìgì ni kò lè sí, yálà ṣáájú tàbí lẹ́yìn, nítorí Òfin Ìjọ kò gbà kí wọ́n tún fi ẹ̀sìn mìíràn ṣe ìgbéyàwó kan náà. Ẹ tètè sọ fún ìyá ọkọ, kí ó má jẹ́ ọjọ́ ìdána ni ó máa gbọ́.

Ẹni tí kò ṣèrìbọmi kò lè fẹ́ Àgùdà ní ìjọ láìjẹ́ pé Bíṣọ́ọ̀bù fọwọ́ sí i. Fádà yín ló máa kọ̀wé. Ọmọ yín máa sọ pé òun kò ní fi ìgbàgbọ́ òun sílẹ̀, òun yóò sì ṣe gbogbo ohun tí agbára òun bá ká kí àwọn ọmọ lè di Àgùdà. Ọkọ kò ní búra kankan, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ kó mọ ohun tí ìyàwó ṣèlérí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà ṣáájú. Láìsí Mísà ni wọ́n sábà máa ń ṣe irú rẹ̀: ẹ̀kọ́ kíkà, ìbúra, ìbùkún. Ẹlẹ́rìí méjì ló ń dúró, ẹlẹ́sìn yòówù kí wọ́n jẹ́.

Ti ìjọba náà wà níbẹ̀. Ẹ fi ìkéde sílẹ̀ ní ọ́fíìsì rẹjísítìrì, yóò wà lára ògiri fún ọjọ́ mọ́kànlélógún kí wọ́n tó fún yín ní ìwé ẹ̀rí. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá láti ọjọ́ ìkéde láìṣe ìgbéyàwó, ó ti bàjẹ́, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ tètè lọ síbẹ̀ jù. Kí ilé ìjọsìn wà ní ṣíṣí, láàárín aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́.

Ayẹyẹ márùn-ún, aṣọ ẹbí márùn-ún. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí n sọ pé ó tó? — Àbúrò Àfẹ́yìn, Èkó

Rárá o. Ẹ ra aṣọ ẹbí fún ìgbéyàwó, àti bóyá ti ìdúpẹ́ àádọ́ta ọdún. Funfun tó wà nínú àpótí tó fún ìyókù. Ẹ gba owó pé kí ẹ tó ra aṣọ, kí ẹ sì ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Tí ẹ bá padà lọ ra yáàdì mẹ́wàá tó kù lóṣù kejì, àwọ̀ rẹ̀ kò ní bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba, gbogbo ènìyàn á sì rí i nínú fọ́tò.

Ìrẹsì: kọ́ńgò kan jẹ́ bíi kìló kan ààbọ̀, ó tó ènìyàn mẹ́wàá bí nǹkan mìíràn bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Àpò kìló àádọ́ta tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mẹ́ta àti ọgbọ̀n ènìyàn. Tí àlejò bá jẹ́ igba, àpò kan ti pọ̀ jù. Kọ́ńgò ogún tó, ẹ fi mẹ́ta kún un fún àwọn tí a kò pè.

Ìyá wa àgbà ń ṣàárẹ̀ lásìkò ariwo yìí. Àwọn kan ní tí a bá pe Fádà fún òróró, ìyá á rò pé ikú dé. — Ọmọ-ọmọ

Ẹ pè é nísinsìnyí tí ìyá ṣì lè dá «Àmín» sí i. Òróró aláìsàn kì í ṣe ti ẹni tó ń kú nìkan. Àìsàn tó le tàbí ara àgbà tó ń rẹ̀ ti tó, wọ́n sì lè tún un ṣe bí àìsàn bá tún padà wọlé. Ẹni tó ti kú ni wọn kì í fi í kùn. Ẹ ṣáà sọ fún ìyá pé Fádà ń bọ̀ wá kí i pẹ̀lú àdúrà ara líle.

Ẹ tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì kékeré, ẹ gbé àgbélébùú, àbẹ́là kan, omi mímọ́ àti ife omi kan sí i, pẹ̀lú òwú tí Fádà máa fi nu òróró lọ́wọ́. Bí ìyá bá máa gba Olúwa, ààwẹ̀ wákàtí kan kò de òun tàbí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀.

Bí Ọlọ́run bá pè é lásìkò yìí, kò sí Mísà òkú láti Ọjọ́bọ̀ Mímọ́ títí dé Àjíǹde, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ní Àìkú nínú Lẹ́ńtì, Àdífẹ́ǹtì (àsìkò ìmúra Kérésìmesì) àti àsìkò Àjíǹde. Ẹ lẹ nọ́mbà fóònù Fádà àti ti katikísì mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá ìyá; òru ni irú ìpè bẹ́ẹ̀ sábà máa ń bọ́ sí.